Alùpùpù Two-Stroke, Ẹ̀rọ Ojú Omi Ìlàjẹ, àti Ohun Tí À Ń Pè ní Ojúlówó

Bí ẹnì kan bá gbé alùpùpù Suzuki A100 ti ìgbà ìjọba Ṣàgàrí dé Molútẹ̀hìn ní etíkun Ìlàjẹ lónìí, kò ní rí títì gígùn tí yóò gùn ún lé lórí. Omi ni ọ̀nà ibẹ̀. Láti Ìgbókọ̀dá ni ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi la àárín àbàtà kọjá, títí yóò fi dé ibi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ń jẹ ilẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹni náà bá ń wá ẹni tí yóò tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù náà palẹ̀, tí yóò sì mọ àìsàn rẹ̀ láìwo ìwé, mo gbà pé yóò tètè rí i ní etíkun yìí ju àárín ìgboro Àkúrẹ́ lọ. Ìdí ni pé irú ẹ̀rọ tí ó ti ń di ohun ìgbàanì lójú títì wa kò tíì di ohun ìgbàanì lójú omi Ìlàjẹ.

Ẹ̀rọ tí mo ń wí ni two-stroke. Nínú four-stroke, irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kadà òde òní, písítọ̀nì ní láti gòkè kí ó sì sọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó tún ṣẹ́. Nínú two-stroke, gbogbo ìgbà tí písítọ̀nì bá ti dé òkè ni iná ń ṣẹ́. Písítọ̀nì fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣí ihò ara sílíńdà, òun náà ni ó sì ń dí i. Joseph Day, ará ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú irú ẹ̀rọ yìí jáde ní ọdún 1891. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó sọ àpótí tí ó wà nísàlẹ̀ písítọ̀nì di páńpù tí ń ti afẹ́fẹ́ àti bẹntiróò lọ sókè. Níwọ̀n ìgbà tí àpótí náà ti di páńpù, ọ́ìlì kò lè dúró síbẹ̀ mọ́. Àfi kí ọ́ìlì bá bẹntiróò wọlé, kí àwọn méjèèjì sì jọ jóná. Ibẹ̀ ni èéfín funfun tí gbogbo wa mọ̀ ti wá.

Ilẹ̀ Jámánì ni ẹ̀rọ náà ti gba orúkọ. Ilé iṣẹ́ DKW ní Zschopau, tí Jørgen Skafte Rasmussen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, dá sílẹ̀, ṣe alùpùpù kékeré kan tí wọ́n pè ní RT 125 ní ọdún 1939. Nígbà tí Jámánì pàdánù ogun, àwòrán iṣẹ́ náà di ìkógun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe BSA Bantam, Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà ṣe tiwọn, àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe tiwọn. Ní ọdún 1955, Yamaha ní ilẹ̀ Japan fi ara rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe fún alùpùpù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, YA-1. Suzuki gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1961, Ernst Degner, ẹni tí ń gun alùpùpù eré ìje fún ilé iṣẹ́ MZ ti Ìlà Oòrùn Jámánì, sá kúrò lẹ́yìn ìdíje kan ní Sweden, ó sì gbé àṣírí ẹ̀rọ náà fún Suzuki. Ní ọdún kejì ni ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lórí alùpùpù wọn. Irú fáàfù pẹlẹbẹ tí ń yí bí àwo, tí MZ fi ń sáré, wà nínú A100 tí àwọn olùkọ́ wa gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà Zschopau sí Òkìtìpupa kò jìn tó bí a ti rò!

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Vespa ti ilẹ̀ Ítálì, tí òun náà jẹ́ two-stroke, ti wà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ kí àwọn ará Japan tó gba ọjà. Lẹ́yìn náà ni owó Údójì dé ní ọdún 1975, nígbà tí àjẹsílẹ̀ owó oṣù bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra mọ́tò ra alùpùpù. Mo gbà pé ìró two-stroke gan-an ni ó bí orúkọ tí a sọ ọ́, nítorí kò sí four-stroke tí ń lu "pù-pù" lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ètò SAP ti ọdún 1986 sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, alùpùpù di ohun ìjẹun. Àwọn ará Èkó fi orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ṣe ẹ̀fẹ̀ pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan náà ni ó gbé e lọ sójú omi. Yamaha ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1960, Suzuki ṣe tirẹ̀ ní 1965. Two-stroke bá apẹja mu ju ẹnikẹ́ni lọ: ó fúyẹ́ débi pé a lè tú u kúrò ní ìdí ọkọ̀ kí a gbé e wọlé lálẹ́, kò sì ní ọ́ìlì nísàlẹ̀ tí yóò dàrú bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí ni ọmọ Ìlàjẹ fi ju àwa ará òkè lọ. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ 50 sí 1, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò lítà 25 gba ìdajì lítà ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá dín, ẹ̀rọ á nọ́ọ̀kì láàrin òkun, níbi tí kò sí ẹni tí yóò fà ọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á kún fún èédú. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí ìwọ̀n kò ní gbàgbé ìwọ̀n.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dá A100 padà sí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó jáde, ìmọ̀ ojú omi yìí ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a tó wá ọ̀dà. Ohun tí ó máa ń pa two-stroke àtijọ́ kì í sábà hàn síta. Ọ́ìlì síìlì tí ó wà ní etí kúráǹkì méjèèjì á gan lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Àpótí tí ó yẹ kí ó jẹ́ páńpù á di apẹ̀rẹ̀. Bẹntiróò á dín nínú afẹ́fẹ́, písítọ̀nì á gbóná, á sì há. Mẹkáníìkì tí kò mọ èyí á ríbọ́ọ̀ sílíńdà, á ra písítọ̀nì tuntun, á gba owó rẹ̀, láàrin oṣù kan ẹ̀rọ náà á tún há. Ọ̀pọ̀ A100 ni a pa báyìí. Ọ̀pọ̀ mìíràn ni páńpù ọ́ìlì rẹ̀ ti sọnù. Suzuki fún un ní agolo ọ́ìlì tirẹ̀ àti páńpù tí ń pín in bí ẹ̀rọ ti ń sáré, ṣùgbọ́n bí páńpù bá ti bàjẹ́, àwọn tiwa á yọ ọ́ dànù, wọ́n á máa po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò nínú táńkì. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ kì í ṣe bí ó ti jáde nìyẹn.

Ìṣòro kejì ni ti ẹ̀yà tí a ń rà. Nígbà tí Jincheng láti ilẹ̀ Ṣáínà gba ìgboro, AX100 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yà rẹ̀ sì wọ́pọ̀ lọ́jà. Oníṣòwò á sọ pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà. Kabúrétọ̀ A100 fara pa mọ́ sábẹ́ ìdérí ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, nítorí fáàfù tí ń yí bí àwo. Ti AX100 wà lẹ́yìn sílíńdà, ní gbangba. Ẹni tí ó bá ti rí ìyàtọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní gba irọ́ mọ́.

Ní ti ara rẹ̀, ìyẹn ọ̀dà, kúróòmù àti ìjókòó, ibẹ̀ ni mo ti yapa díẹ̀ sí àwọn tí ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan tàn bí tuntun. Ẹ lọ wo Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan ní Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá dí ihò ọta ìbọn ara rẹ̀, tí ó kùn ún ní ọ̀dà tuntun, yóò dá a padà sí bí ó ti jáde ní Jámánì, yóò sì ba ohun kan ṣoṣo tí ó mú wa lọ wò ó jẹ́. Alùpùpù olùkọ́ kò rí ọta ìbọn, ṣùgbọ́n irin ìkẹ́rù tí alágbẹ̀dẹ jó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè gbé àpò gàrí jẹ́ ìtàn Nàìjíríà ju ọ̀dà Japan lọ. Tèmi ni pé kí ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí ti ilé iṣẹ́ pátápátá, nítorí ẹ̀rọ tí kò pé kò lè pẹ́. Kí ara rẹ̀ máa sọ ibi tí ó ti rìn.

Ohun tí ó ń kó ìdààmú bá mi ni pé àkókò kò dúró de ìjiyàn yìí. Ayétòrò, ìlú àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tí wọ́n tẹ̀dó ní ọdún 1947 nítòsí ibẹ̀, ti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ rí, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́. Apá ńlá nínú ìlú náà ti wà lábẹ́ òkun báyìí. Omi ń lé àwọn ará Molútẹ̀hìn àti Awóyè náà. Nígbà tí mẹkáníìkì bá kó ẹrù kúrò, tí ó wá lọ ń tún four-stroke ṣe ní ìgboro, ọmọ iṣẹ́ tí yóò kọ́ two-stroke lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sí mọ́. Four-stroke pàápàá ti ń wọ ojú omi, nítorí two-stroke a máa tú nǹkan bí ìdá mẹ́rin epo rẹ̀ dànù láìjóná, bẹntiróò sì ti wọ́n.

Ní òkè, àwọn tí ń ra irin àlòkù ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Wọn kì í béèrè nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ, ìwọ̀n kílò ni wọ́n ń béèrè. Àpótí ẹ̀rọ A100 jẹ́ irin fífúyẹ́ tí kì í pẹ́ yọ́ nínú iná. Bí ó bá dé ọwọ́ àwọn tí ń rọ ìkòkò, kò ní ju ọjọ́ kan lọ tí yóò fi di èyí tí a ń se ìrẹsì nínú rẹ̀.