Ọmọ Owú àti Sípánà ní Ilẹ̀ Ààlà Yewa

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rí. Nọ́ọ̀tì kan lè wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, tí ojú ń rí i, ṣùgbọ́n tí sípánà gbọọrọ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ a mú sípánà mìíràn, a gé e kúrú, a fi iná tẹ ọrùn rẹ̀ títí yóò fi bá kọ̀rọ̀ náà mu. Ní Ìlaròó àti Ayétòrò, irú irinṣẹ́ báyìí ní ìtàn tí ó jinlẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó dé, alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ ọkọ́, àdá àti ọ̀bẹ. Ewìrì ni ó fi ń fẹ́ iná, ẹmú ni ó fi ń di irin gbígbóná mú, ọmọ owú ni ó sì fi ń lù ú. Ó mọ̀ pé irin líle tí a ti inú iná rì bọ omi a máa le sí i, ṣùgbọ́n pé ó lè ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ìmọ̀ yìí gan-an ni mẹkáníìkì ń lò nígbà tí ó bá fi àkísà tútù di ẹnu sípánà, tí ó jẹ́ kí iná mú ọrùn nìkan, kí ẹnu má baà pàdánù líle rẹ̀.

Ààlà tún dá kún iṣẹ́ náà. Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ẹnu kò lórí ààlà: Kétu bọ́ sí apá Faransé, Ìlaròó bọ́ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀n náà pín sí méjì, nítorí ìǹṣì ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò, mìlímítà sì ni ti Faransé. Ọ̀nà irin dé Ìlaròó àti Ìdógò láti Ìfọ̀ ní 1930. Lẹ́yìn òmìnira, Nàìjíríà pàápàá kọjú sí mìlímítà ní àwọn ọdún 1970, a sì bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Nọ́ọ̀tì ìǹṣì 9/16 fẹ̀ tó mìlímítà 14.29. Sípánà 14 kò wọ̀ ọ́. Ti 15 a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀, a máa jẹ igun rẹ̀. Ẹni tí kò ní èyí tí ó bá a mu ní láti fi fáìlì yún ẹnu sípánà 14 díẹ̀.

Àwọn kan sọ pé ọkọ́ àti àdá òkè òkun ni ó pa iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Bí ó bá jẹ́ ọkọ́ nìkan ni a wò, ọ̀rọ̀ wọn lè jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n sípánà tí a tẹ̀ yìí fi hàn pé ìmọ̀ náà kò kú. Ilé ni ó pààrọ̀. Ewu tí ó wà ni pé irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ lára. Bí olówó rẹ̀ bá kú, àlòkù irin ni wọ́n máa ń tà á sí, ìtàn rẹ̀ a sì bá a lọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, nọ́ọ̀tì wo ni a rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.