Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Lọ́jà Gáná

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà tí ń ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀ bá délẹ̀, ẹ̀sùn mẹ́ta ni a sábà máa ń kà sí wọn lọ́rùn: wọ́n gba ọjà mọ́ onílé lọ́wọ́, ara wọn nìkan ni wọ́n ń bá ṣe pọ̀, ìlú wọn ni wọ́n sì ń kó èrè lọ. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, mo sì ti gbọ́ ọ ní Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́nu àwọn tí aṣọ àti ike tí ọkọ̀ òkun ń kó ti Ṣáínà wá kún orí àtẹ wọn. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan náà ni a fi kan àwọn baba wa ní Gáná, ó sì yẹ kí á rántí ibi tí ó já sí.

Kí òmìnira tó dé rárá ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Èjìgbò, ti ń lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rìn, tí wọ́n ru aṣọ òfì la Dàhòmì àti Tógò kọjá. Nígbà tí ó yá, wọ́n tẹ̀dó sí Tamale, Yendi, Kumasi àti Accra. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀ a ránṣẹ́ pe àbúrò; àbúrò a sìn ín títí yóò fi lè dá dúró. Wọ́n ń tú ọjà tà ní díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí kò lówó odidi, wọ́n sì ń tà á láwìn. Nínú ìkànìyàn 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà ní Gáná lé ní 100,000.

Wọ́n kọ́ ilé Ọlọ́run pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní Gáná, oníṣòwò Yorùbá ni ó dá wọn sílẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jọ́sìn níbẹ̀. Ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá fẹ́yàwó, ilé náà ni wọ́n sì ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí. Lójú tiwọn, ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Lójú onílẹ̀, wọ́n ń kówó ìlú sá lọ ni.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Nígbà tí àwọn baba wa wọ Gold Coast, abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni gbogbo wa wà. Ta ni ìbá bi wọ́n léèrè ìwé? Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, gbèsè tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà kò sì ṣe é sìn mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọkọ̀ akẹ́rù já sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò fojú kan ìlú náà rí. Àwọn olóko kòkó Gáná pàápàá jẹ nínú ìyà rẹ̀, nítorí àwọn alágbàṣe wọn bá àṣẹ náà lọ.

Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Ní 1959, ìjọba Indonéṣíà ti ka òwò wẹ́wẹ́ ní ìgbèríko léèwọ̀ fún àjèjì, bẹ́ẹ̀ ará Ṣáínà ni púpọ̀ nínú wọn. Nǹkan bí 100,000 ni ó wọkọ̀ lọ sí Ṣáínà ní ọdún kejì. Ní oṣù Karùn-ún 1998, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù àwọn ìran wọn tí ó kù ní Jakarta.

Àwa náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1983, ọjọ́ 14 kan náà ni ìjọba wa fún àwọn àjèjì tí kò níwèé. Ará Gáná ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ wa ní ilé-ìwé girama sì wà lára wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ń pè ní Ghana-Must-Go títí dòní.

Onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti dáàbò bo ọjà rẹ̀. Kí òfin sọ irú òwò tí àlejò lè ṣe, kí ó sì sọ ọ́ kí àlejò tó sọ̀kalẹ̀. Kí àlejò san owó orí, kí ó sì gba ọmọ onílé síṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí á fi ọjọ́ 14 tú ohun tí ènìyàn fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ, ìkógun ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó bá fẹ́ sọ òkò lu ará Ṣáínà, kí ó kọ́kọ́ wo pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí owó Gáná kọ́ sí àdúgbò rẹ̀.