Chardin àti Òkú Ehoro

Ní ìlú Páríìsì, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé òkú ehoro sí iwájú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ gbàgbé gbogbo àwòrán tí òun ti rí rí, àti ọ̀nà tí àwọn mìíràn gbà ń ya irú ẹran bẹ́ẹ̀. Jean-Siméon Chardin ni orúkọ rẹ̀. Cochin ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀.

Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Chardin, a bí i ní 1699. Lọ́dọ̀ Cazes, ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, àwòkọ iṣẹ́ ọ̀gá ni ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ojú, imú àti etí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ère. Nígbà tí Chardin dàgbà, ó sọ fún Diderot pé ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí ń gbà, pẹ̀lú ẹkún, àti pé ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró níwájú ẹ̀dá gan-an, yóò dà bí ẹni pé kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ojú ni a ní láti kọ́ ní wíwò.

Coypel ló kọ́kọ́ fi èyí hàn án. Ó ní kí ó bá òun ya ìbọn sí ọwọ́ ọdẹ nínú àwòrán kan, ó sì fara balẹ̀ gbé ìbọn náà kalẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á bó ti yẹ. Ó ya Chardin lẹ́nu pé ìbọn lásán gba irú aápọn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ó kan ehoro, ó gbé e jìnnà sí ara rẹ̀ kí ó má baà máa rí irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò ka irun ehoro tán? Àpapọ̀ àwọ̀ rẹ̀, bí ara rẹ̀ ti yọ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà àti ibi tí òjìji wà, ìwọ̀nyí ni ó ń wá, tí ó sì ń fi ọ̀dà olóróró lé ara wọn díẹ̀díẹ̀. Mariette, tí kì í yìn ín jù, sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí, ohun tí ó ń yà kò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé tó ti gbé ẹran ìgbẹ́ sílé rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹran kì í dúró de ọ̀dà. Mo rò pé ìkòkò bàbà kò fún un ní wàhálà báyìí.

Orúkọ tí àwọn Faransé fún irú àwòrán yìí ni nature morte, ìyẹn ẹ̀dá tó ti kú. Láti 1667 ni Félibien ti fi àwòrán èso àti òdòdó sí ìpele tó rẹlẹ̀ jù lọ, tí ó fi ìtàn àwọn ẹni ńlá sókè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, 1728, Akadẹ́mì Ọba gba Chardin wọlé lórí àwòrán ẹja pẹlẹbẹ kan, La Raie, àti Le Buffet. Ayàwòrán ẹranko àti èso ni wọ́n kọ sí ìdí orúkọ rẹ̀, kò sì jẹ́ ayàwòrán ìtàn títí ayé.

Nígbà ogbó, ojú rẹ̀ di bàìbàì, ó fi ọ̀dà olóróró sílẹ̀, ó mú ẹfun aláwọ̀. Ní 1771 ó ya ara rẹ̀ pẹ̀lú awò lójú, ó ń wò wá tààrà. Ó wà ní Louvre.