Iṣẹ́ Ẹrú, Iṣẹ́ Ọmọ: Bí Ìwé Ṣe Kọ́ Láti Pe Fóònù

 

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ tó jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ di ẹyọ mẹ́wàá: wọ́n fi 01 ṣáájú. Àwọn ará wa tó wà ní Àbíjàn ti rí irú rẹ̀ rí, nítorí Côte d'Ivoire ti kúrò ní mẹ́jọ bọ́ sí mẹ́wàá ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ nínú wa tún nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ara wa ṣe, a sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wa kò sí nínú fóònù nìkan. Ó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn olóko kajú, nínú ìwé ilé ìwòsàn, nínú ìwé àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́. Lóde òní, irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń pe fóònù fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnì kankan fọwọ́ kàn án. Báwo la ṣe débẹ̀?

Kí ìwé tó dé, ènìyàn ni iṣẹ́ ń bá lọ. Àwọn bàbá ńlá wa a máa di àrokò, wọ́n á fi owó ẹyọ, ìyẹ́ tàbí okùn sọ ohun tí wọ́n ní í sọ, wọ́n á fi rán ẹni tó mọ ọ̀nà. Nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ lé wa gun orí òkè, iṣẹ́ jíjẹ́ kì í ṣe eré. Òwe wa sọ bí ó ṣe yẹ kí ìránṣẹ́ rí: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ẹni tí wọ́n rán an sí bá ti kúrò ní agboolé rẹ̀, ìránṣẹ́ á béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Bí ẹni méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, á béèrè pé ọmọ ta ni. Ohun tí ẹni tó rán an gbàgbé láti sọ, òun fúnra rẹ̀ á fi ọgbọ́n wá a.

Lẹ́yìn náà ni ojú irin dé. Ọdún 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Kútọnu. Ó gba Ìdáàṣà kọjá, ó sì dé Parakou ní 1936, ìrìn kìlómítà 438. Ojú irin kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n jọ ń lò ó nígbà náà. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, irú òfin yìí ló wà: ọ̀gá ibùdókọ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra àfi bó bá ti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ibùdókọ̀ tó kàn, tí wọ́n dá a lóhùn, tí ó sì ti kọ ìdáhùn náà àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Tẹlifóònù àti ìwé ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló so wọ́n pọ̀. Bí ìdáhùn bá rú u lójú, á tún pè.

Ní ayé OPT, fóònù ṣọ̀wọ́n lábúlé wa. Cabine la máa ń lọ. Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí Kútọnu á pe cabine, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á kọ orúkọ sínú káyè, á rán ọmọdé lọ pe ìyá wá. Orúkọ lásán tó. Gbogbo abúlé mọ ìyá náà, ilé rẹ̀ àti ọ̀nà oko rẹ̀. GSM dé Bẹ̀nẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000, ó sì dé Nàìjíríà ní 2001. Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò orúkọ.

Ohun tó kàn wá láti òkè òkun. Ní 2006, Google gbé Sheets jáde, ìwé onílà àti òpó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ kọ nígbà kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2008, wọ́n dá Twilio sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí kọ̀ǹpútà lè máa pe fóònù kí ó sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ní 2011, Zapier dé láti so irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn olóko kajú kọ orúkọ, nọ́ńbà àti iye àpò sínú irú ìwé yìí. Bí akọ̀wé bá kọ "a ti sanwó" sí ìlà kan, ètò á rí i, á mú nọ́ńbà tó wà ní ìlà náà, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Bí olóko bá dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ á wọlé sí ìlà tirẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan àwọn òyìnbó nìkan. Ní 2010, NAFDAC ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Sproxil nítorí ayédèrú oògùn: ẹni tó ra oògùn á ha ojú páálí rẹ̀, á fi nọ́ńbà tó bá níbẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rọ á wo ìwé rẹ̀, á sì dáhùn bóyá ojúlówó ni. Ẹ̀mí ènìyàn wà lórí ìdáhùn yẹn.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Ẹ̀rọ kò mọ iṣẹ́ ọmọ. Bí a bá rán an níṣẹ́ ẹrú, tẹrú náà ni yóò fi jẹ́ ẹ. Ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ, ẹ̀rọ kò ní béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò kàn ní dé ni. Ìdẹkùn mìíràn tún wà. Bí ẹ bá kọ 01 sínú irú ìwé yìí, ó lè rò pé òǹkà lásán ni, kí ó gé òdo iwájú sọnù, kí ẹyọ mẹ́wàá ku mẹ́sàn-án. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ sọ fún òpó náà pé ọ̀rọ̀ ni ó máa gbà, kì í ṣe òǹkà: "texte brut" ni wọ́n ń pè é ní Faransé.

Orúkọ ńkọ́? Adéṣínà ní Nàìjíríà ni Adéchina lọ́dọ̀ wa, Ọlátúndé ni Olatoundé, nítorí akọ̀wé Faransé fi etí Faransé gbọ́ wa. Ọmọ ìyá kan náà lè ní ìwé méjì tí orúkọ wọn kò jọra. Lójú ẹ̀rọ, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ló ní "né vers" nínú ìwé wọn, ọdún tí wọ́n fojú díwọ̀n. Òfin ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2017 ló bí RAVIP, ìkànìyàn tó fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Láti 2020 la sì ti ń béèrè ìwé ìjọba lórí service-public.bj. Àṣìṣe tó bá wọ ìwé ìpìlẹ̀ náà, gbogbo ìwé tó bá tinú rẹ̀ jáde ni yóò máa gbé e kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe irú ètò yìí fún àwọn ìyá yín, mo bẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ sétí olórúkọ kí ẹ tó jẹ́ kí ìwé máa pe fóònù. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òfin ayélujára Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ẹ fi òpó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò dé, kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó gun alùpùpù lọ wá ẹni náà délé. Ìlà tó dákẹ́ yẹn lè jẹ́ ti màmá àgbà tó ń retí owó kajú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ní ojú irin tàbí ní OPT, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín sísàlẹ̀ níbí. Ìtàn wọn ló kù.