Bí Wọ́n Ti Yan Ọba Glass ní Etí Òkun Gàbọ́n

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń dìbò yan gómìnà wọn, tí wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ibẹ̀ bá wọn dìbò, àwọn Mpongwe ti etí òkun Gàbọ́n ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà yan olórí. Ìlú Glass, tí ó ti di àdúgbò kan ní Libreville lónìí, ni Paul du Chaillu ti rí i, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1861.

Ọba Glass arúgbó wàjà. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, àwọn díẹ̀ ni ó sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni àwọn àgbà fi ìkọ̀kọ̀ yan arọ́pò rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n yàn gbọ́. Njogoni ni orúkọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, bí ó ti ń rìn ní etí òkun, gbogbo ìlú ya bò ó. Wọ́n lù ú, wọ́n tutọ́ sí i lójú, wọ́n ju ohun ẹ̀gbin lù ú, wọ́n sì bú ìyá àti bàbá rẹ̀ títí dé orí àwọn baba ńlá rẹ̀. Wọ́n ní kò tíì di ọba. Kí ó jẹ́ kí àwọn ṣe é bí ó ti wu àwọn, nítorí pé láìpẹ́ òun ni yóò máa pàṣẹ fún àwọn. Ẹ̀rín ni Njogoni ń rín.

Nígbà tí ó yá, wọ́n mú un dé ilé ọba. Ariwo rọlẹ̀. Àwọn àgbà dìde, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Aṣọ pupa ni wọ́n wọ̀ fún un, àkẹtẹ̀ sílíìkì gíga ti àwọn òyìnbó sì ni adé rẹ̀. Ó jogún orúkọ Glass, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́fà jẹ, wọ́n mu, bẹ́ẹ̀ ni ọba tuntun kò gbọdọ̀ yọjú síta.

Ẹni tí ó bá fi èyí ṣe ẹ̀rín kò rí ìdí rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìgbẹ̀yìn ni ìjìyà máa ń dé, nígbà tí Ọ̀yọ́mèsì bá kọ Aláàfin. Ní Glass, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi í sí, kí ọba tó mọ adùn oyè.

Ṣùgbọ́n ní 1844 àwọn Faransé ti gba àmì ọwọ́ ọba Glass sí ìwé àdéhùn, àwọn ará ìlú sì pariwo pé ẹ̀tàn ni. Ní 1845 ọkọ̀ ogun Faransé yìnbọn sí ìlú náà. Àwọn gómìnà tí Paris ń rán wá lẹ́yìn náà, kò sí ará Glass kan tí ó bá wọn yàn wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó lu ọ̀kankan nínú wọn ní etí òkun kí ó tó gorí àga.