Ẹni Tó Ni Ilé-Iṣẹ́ àti Ẹni Tó Ń Darí Rẹ̀

Bí àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bá ń fúnra rẹ̀ ro oko rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò máa ṣọ́. Bí ó bá fi oko náà síkàáwọ́ alábòójútó, tí ó sì kó lọ sí Èkó, yóò máa náwó láti wá wò ó, díẹ̀ nínú kòkó náà sì lè gba ọ̀nà mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ rí. Lọ́dún 1976, Michael Jensen àti William Meckling ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìnáwó yìí pín sí: owó tí a fi ń ṣọ́ aṣojú, owó tí aṣojú fi ń fi hàn pé olóòótọ́ ni òun, àti àdánù tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn méjèèjì.

Bí a ṣe pín ilé-iṣẹ́ láàárín àwọn tó ni ín ni yóò sọ bí ìnáwó náà yóò ti pọ̀ tó. Níbi tí onípìn-ín kéékèèké pọ̀ sí, olúkúlùkù a máa retí pé ẹlòmíràn ni yóò yẹ ìwé owó wò. Níbi tí onípìn-ín ńlá kan bá wà, ó lágbára láti ṣọ́ ọ̀gá àgbà, ṣùgbọ́n ó lè rẹ́ àwọn kékeré jẹ. Lọ́dún 2006, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìyá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kún ìpín rẹ̀ nínú Cadbury Nàìjíríà, ọdún yẹn kan náà ni a rí i pé wọ́n ti bù mọ́ èrè nínú ìwé owó fún ọdún mélòó kan. Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà àti olùdarí ètò ìnáwó níṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ti ìjọba, gbogbo ará ìlú ni onílé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà sí i. Ilé-iṣẹ́ ìwé Ìwopin ní Ogun Waterside jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀. Méjì yòókù wà ní Jẹ́bà àti Oku-Iboku. Wọ́n tilẹ̀ gbin igi gmẹlínà sínú igbó Ọmọ nítorí iṣẹ́ ìwé. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe ìwé tó bí a ti retí, ìjọba sì fi í sínú ètò títa ilé-iṣẹ́ fún aládàáni. Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan dájú: títa nìkan kọ́ ni ìwòsàn, ẹni tó bá rà á náà gbọ́dọ̀ ní ojú tí yóò fi ṣọ́ ọ.

Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ó kéré tán ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Nígbà tí òfin náà jáde lọ́dún 2020, ó pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú lè ra ìpín nínú rẹ̀ ní olùdarí olómìnira mẹ́ta, ó kéré tán.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó yín sínú ilé-iṣẹ́ ìpákó, oko kòkó tàbí ọkọ̀ akérò, a rọ̀ yín pé kí ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni ìpín rẹ̀ pọ̀ jù, ta ni ń darí, ta sì ni ń yẹ ìwé owó wò? Bí ẹnì kan náà bá ni ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀, ẹ rò ó dáadáa.