Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́

Bí ọmọ kan bá wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ará ilé á ní ó ń kọ́ṣẹ́. Bó bá jáde tó gbàwé ẹ̀rí, wọ́n á ní ó ti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò: a-kọ́-iṣẹ́-mọ̀-iṣẹ́. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́, tó sì mọ iṣẹ́. Nínú akẹ́kọ̀ọ́, kíkọ́ nìkan la máa bá. Ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ sì wọnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó tẹ̀lé kọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó tẹ̀lé mọ̀. Àwọn aláìsàn gan-an mọ ìyàtọ̀ náà: wọ́n á ní nọ́ọ̀sì kan kàwé, wọ́n á ní èkejì mọṣẹ́.

Ẹ wo ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ gbé wá nítorí ikọ́. Ìwé ti kọ́ nọ́ọ̀sì pé kó ka mímí ọmọ náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá ti tó 40, mímí ti yára jù, ó lè jẹ́ òtútù àyà. Nọ́ọ̀sì tuntun tẹjú mọ́ aago, ó ń kà. Ọmọ figbe ta, nọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun tó tọ́ ló ń ṣe, kò sì gbọdọ̀ fò ó. Ṣùgbọ́n kí ìyá tó jókòó, sísítà tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé ti ká aṣọ ọmọ sókè. Ó rí i pé abẹ́ ìhà ń jìn wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí, ihò imú ń fẹ̀. Yóò ka mímí náà, àmọ́ ó ti ní kí wọ́n gbé ọ́síjìn wá ná.

Ní 1984, Patricia Benner, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé From Novice to Expert jáde. Ìpele márùn-ún ló to ìrìn láti kíkọ́ṣẹ́ dé mímọṣẹ́ sí, ó sì ní ó ń tó ọdún 2 sí 3 lẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà kí nọ́ọ̀sì tó dé ìkẹta. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára jù ni pé nọ́ọ̀sì tó ti mọṣẹ́ délẹ̀, bí wọ́n bá gbé e lọ síbi tí kò ti tọ́jú irú aláìsàn ibẹ̀ rí, lè padà di ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló padà sídìí kíkọ́ṣẹ́. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ti ń ṣe olùkọ́ ní Èkó kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ìlú London ní 1946, tó tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ó padà wálé, ó sì di màtírọ́ọ̀nù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí ni ti ẹni tí kò yàn án: kí wọ́n máa ṣí sísítà àgbà kiri nítorí pé òṣìṣẹ́ ò tó: lónìí wọ́ọ̀dù ọmọdé, lọ́la wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ tèmi ni, ẹni tó mọ ọmọdé yóò dúró ti ọmọdé, nọ́ọ̀sì tuntun yóò sì bá a ṣe iṣẹ́ alẹ́, kó máa wo ibi tí ojú àgbà náà kọ́kọ́ ń lọ.